Eré Ìje Lójú Títì: Ọwọ́ Tó Di Sítíárìn Mú Ni Òfin Mọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ná, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wọ dánfó ní Ìyánà Ìpájà, mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Aago mẹ́fà ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ní ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, aago méje géérégé ni wọ́n ń ti gẹ́ètì. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìdajì owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Nígbà tí a dé Dọpẹ̀mú, dánfó kejì yọ sí ẹ̀gbẹ́ wa. Èrò márùn-ún ló dúró ní ọ̀ọ́kán, àwọn dẹ́rẹ́bà méjèèjì sì ti rí wọn. Tiwa tẹ iná, tọ̀hún náà tẹ iná. Kọ̀ńdọ́ wa ń fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀, ó ń pariwo pé, "Má gbà fún un o! Má gbà fún un!"

Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ sí ẹsẹ̀ ké pé, "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, rọra o! Mo ní ọmọ nílé."

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí èmi sọ? Èmi ọmọ ẹgbẹ́, èmi tí mo máa ń dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sáré jàre, Ìyá. Iṣẹ́ là ń lọ."

A borí dánfó kejì. A kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn èrò márùn-ún náà. Wọn kò tilẹ̀ lọ sí ọ̀nà wa. Ibi tí a ti ń bi wọ́n léèrè ni a ti gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà kejì fẹ́ yà fún obìnrin kan tó ru búrẹ́dì tó ń kọjá, ó sì lọ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni kọ̀ńdọ́ rẹ̀ gbé dì mọ́. Dẹ́rẹ́bà wa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ iná lọ. Èmi náà kò ní kó dúró. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo dé gẹ́ètì, mo sì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ní pípé.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ní gáréèjì pé wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà ní ọsibítù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti wà ní àtìmọ́lé. Àwọn ọlọ́pàá sì ń wá dẹ́rẹ́bà tiwa náà kiri. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu gidigidi. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo kọlu nǹkan. Kí ni wọ́n ń wá mi fún?" Ìbéèrè tirẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n kọ ohun tí mò ń kọ yìí, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Orúkọ dídùn ni a ń pe ohun búburú yìí. Àwọn kan ń pè é ní ìgboyà, àwọn kan ní mímọ ọkọ̀ wà ni. Dánfó ń bá dánfó du èrò. Ọlọ́kadà ń bá ọlọ́kadà du iwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bá ọkọ̀ akẹ́rù sáré ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 kí ìrìn lè rọrùn, kì í ṣe kí ikú lè yá. Àwọn ọmọ olówó náà ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jáde lóru láti wo ti ẹni tó yá jù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn. Bí ẹni méjì bá ti ń fi ọkọ̀ du iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rìn, eré ìje ni wọ́n ń sá, ìbáà ṣe owó ni wọ́n ń lé, ìbáà ṣe ìyìn.

Mo bi bàbá kan tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ léèrè pé ta ni ó mọ ọkọ̀ wà jù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ẹni tí èrò ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í ṣe ègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Bí eré náà bá di 120, ó ń lọ mítà 33. Ojú ní láti rí ewu, ọkàn ní láti mọ̀ pé ewu ni, ẹsẹ̀ ní láti kúrò lórí iná bọ́ sórí bíréèkì. Bí ènìyàn ti lè yára tó, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ síbẹ̀. Èyí ni pé kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ọkọ̀ ti lọ mítà 33. Dánfó mẹ́fà lè tò síbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ jọ̀wọ́, bíréèkì tó dára ni mo ń sọ o, àti táyà tí kò tíì jẹ, àti ojú títì tí òjò kò rọ̀ sí.

Ohun kejì ni pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọkọ̀ tó ń sá 50 tó bá kọlu ògiri, ó dà bí ìgbà tí a sọ ọ́ sílẹ̀ láti òkè tó ga tó mítà 10, ìyẹn òkè ilé alájà mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 100 ló ń sá, ó dà bí ìgbà tí a sọ ọ́ sílẹ̀ láti mítà 39, ìyẹn òkè ilé tó ju alájà mẹ́wàá lọ. Ta ni nínú wa tí yóò kó èrò gun orí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí yóò ní kí wọ́n máa bọ́ sílẹ̀?

Ohun kẹta ni èrè tí a ń tìtorí rẹ̀ sáré. Ìrìn kìlómítà 10 yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí a bá ń sá 60 ní wákàtí kan. Bí a bá sá 90, yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Gbogbo èrè rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó wà níwájú yóò sì gba èyí padà lọ́wọ́ wa kí a tó dé Òṣòdì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá kánjú tu olú-ọrán, igba rẹ̀ kò tó sebẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a jí kò tó nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kò tún hù mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú wa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ló ń kú nínú ìjàǹbá ojú ọ̀nà lọ́dún kan ní gbogbo ayé. Wọ́n ní òun ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 29 jù lọ. Àwọn ọmọ wa nìyẹn, àti àwọn tí a fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi òfin. Nígbà tí mo bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni òfin fẹ́ ṣe? Wọ́n á ní kí n san fáìnì, n ó san án, n ó máa bá tèmi lọ." Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀ fara balẹ̀ ka èyí tó kù.

Òfin eré sísá kì í ṣe ohun tuntun. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága wọn àkọ́kọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé láàárín ìlú, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní ọ̀nà márosẹ̀, 100 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, 90 ni ti takisí àti bọ́ọ̀sì akérò, 60 ni ti tánkà àti tírélà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù.

Lábẹ́ òfin àjọ náà ti ọdún 2007, ẹni tó bá ré ìwọ̀n eré kọjá yóò san ₦3,000. Ibi tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà mọ òfin dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré ìje kì í ṣe ríré ìwọ̀n kọjá lásán. Wíwa ọkọ̀ lọ́nà tó léwu ni, òfin kan náà sì fi ₦50,000 lé e. Wọ́n tún ń kọ àmì sílẹ̀ sí ọrùn awakọ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àmì náà bá ti pọ̀ tó, wọn á gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí kò ní láísẹ́ǹsì mọ́ dà bí télọ̀ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fáìnì sì ni ìyẹn, kò tíì di ẹ̀wọ̀n. Ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Criminal Code, èyí tí a jogún ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, sọ ọ́ ní abala 343 pé ẹni tó bá wakọ̀ ní ojú ọ̀nà gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ìwà wàdùwàdù tàbí àìbìkítà tó lè fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè di tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò ní ó di ìgbà tí ènìyàn bá kú tàbí tí ó bá fara pa. Pé o fi ẹ̀mí sínú ewu ti tó. Bí ènìyàn bá wá kú, tí ilé ẹjọ́ sì rí i pé àìbìkítà náà pọ̀ kọjá àlà, ó lè di ẹjọ́ ìpànìyàn tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Abala 325 sì ní ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n gbére. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìwé òfin ọ̀daràn tirẹ̀ ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé Èkó ti fi ojú fo irú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ó wá ku ìbéèrè dẹ́rẹ́bà tiwa pé kí ni wọ́n ń wá òun fún. Abala 8 nínú ìwé òfin kan náà ló dá a lóhùn. Ó ní bí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá fi ohùn ṣọ̀kan láti ṣe ohun tí kò bófin mu, tí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sì ti inú rẹ̀ jáde, irú èyí tí ènìyàn lè retí pé yóò tìdí rẹ̀ jáde, gbogbo wọn ni òfin kà sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni kan kì í dá sá eré ìje. Agbẹjọ́rò ìjọba lè dìde kí ó sọ pé ìwọ tí o bá a díje náà ló jẹ́ kó sá irú eré yẹn. Bí ọkọ̀ rẹ kò tilẹ̀ fara kan ẹnikẹ́ni, tí o sì ti dé ilé kí èkejì tó dojú dé, wọ́n lè wá mú ọ lórí ibùsùn rẹ.

Abala 7 tún lọ síwájú ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹni tó bá ran ọ̀daràn lọ́wọ́, tàbí tó bá gbà á nímọ̀ràn kí ó dá ọ̀ràn, wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló dá a. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rántí kọ̀ńdọ́ tó ń lu ara ọkọ̀. Mo sì rántí ohùn tèmi náà. N kò mọ̀ bóyá adájọ́ kan yóò torí ọ̀rọ̀ ẹnu èrò ọkọ̀ rán an lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti ṣe ìdájọ́ tirẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa bọ́ọ̀sì ní London mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kò rọrùn níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1988 ka eré ìje lójú pópó sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ̀bi rẹ̀ kò ní wakọ̀ fún ó kéré tán ọdún kan gbáko. Láti ọdún 2022, ẹni tó bá fi ìwakọ̀ eléwu pa ènìyàn níbẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ló kọ ọ́ sínú pé ọkọ̀ tí a bá fi sá eré ìje kò sí lábẹ́ àdéhùn. Ta ni yóò wá tún ọkọ̀ náà ṣe? Ọlọ́kọ̀ yóò wá sí àgọ́ ọlọ́pàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò wá gbà, kì í ṣe ìwọ. Bí wọ́n bá pe ẹjọ́, orúkọ ẹni tó di sítíárìn mú ni akọ̀wé kóòtù yóò kọ́kọ́ pè.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá sọ pé ìwà burúkú àwọn dẹ́rẹ́bà nìkan ló fa eré ìje, irọ́ ni a pa. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná tó wà láṣọ wa ni owó ojúmọ́ tí dẹ́rẹ́bà ń san fún ọlọ́kọ̀. Ìbáà rọ òjò, ìbáà rí èrò, ìbáà sùn sójú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, iye owó náà kò yí padà. Tí ó bá ti yọ owó ọlọ́kọ̀, owó epo àti owó gáréèjì kúrò, èyí tó ṣẹ́kù ló fi ń bọ́ ọmọ. Ẹni tó jẹ́ pé èrò márùn-ún ló dúró láàárín òun àti oúnjẹ alẹ́, ó ṣòro láti wí fún un pé kí ó máa rọra.

Ohun tí ó ti rí níbòmíràn rí náà nìyẹn. Ní London ní ọdún 1922, àwọn bọ́ọ̀sì aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé iṣẹ́ ńlá du èrò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pọ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn sáré láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tíráàmù dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì sì bá wọn dá a sílẹ̀. Nínú ọdún kan náà ni ìjọba ṣe òfin tó fi ìwọ̀n sí iye bọ́ọ̀sì tó lè ná ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 1933, wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Nígbà tí kò sí ẹni tí a ó bá du èrò mọ́, eré ìje àwọn bọ́ọ̀sì náà rọlẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù nìkan ló ṣe é. Ètò iṣẹ́ ni wọ́n yí padà.

Àwa náà ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí Erékùṣù Èkó, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 22. Wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un, èrò sì ń tò ní ibùdókọ̀. N kò sọ pé kò ní àléébù. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí èrò bá ti tò, dẹ́rẹ́bà kò ní ìdí láti sá eré ìje nítorí wọn.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ó dára, títí wọ́n á fi yí ètò padà, ebi ń pa mí." Arákùnrin mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wo ó dáadáa. Owó ta ni ò ń lé? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ìwọ ń du iwájú ní Dọpẹ̀mú. Èrè rẹ̀, ẹ jọ ń pín in. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ìwọ nìkan ni. Bí o bá kú, yóò wá dẹ́rẹ́bà mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn ọmọ rẹ kò lè rí bàbá mìíràn wá. Ebi kì í ṣe àwíjàre ní iwájú adájọ́, kì í sì í ṣe ìtùnú fún ìyá ẹni tí ọkọ̀ pa.

Nítorí náà, mo ní ohun díẹ̀ tí mo fẹ́ kí a ṣe.

Èkíní, kí ẹ̀yin awakọ̀ tó wà ní ìlà kan náà fi ohùn ṣọ̀kan ní gáréèjì pé ìlà ni ẹ ó máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé èrò. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkọ̀ kan tó bá kọ̀ láti díje ti fi òpin sí ìje náà.

Èkejì, kí ẹ̀yin kọ̀ńdọ́ yé rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì yé ti dẹ́rẹ́bà lẹ́yìn. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń ṣubú.

Ẹ̀kẹta, kí àwa èrò la ẹnu wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ké pé kí dẹ́rẹ́bà rọra, kí gbogbo ọkọ̀ bá a ké. Ohùn èrò mẹ́wàá kọjá ohun tí dẹ́rẹ́bà kan lè fojú fò.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbé ọ̀rọ̀ gẹ́ètì aago méje lọ sí iwájú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó gé owó rẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí, kí wọ́n pèsè bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé wọn. Kí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ náà bá àwọn ọlọ́kọ̀ jókòó lórí owó ojúmọ́. Bí a bá lè yí i padà sí owó oṣù, ẹ jẹ́ ká yí i. Bí a kò bá tíì lè ṣe é, kí owó náà máa wálẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá yá.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Òfin owó ìtánràn òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò mọ sí inú ilé iṣẹ́ nìkan. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú ọ̀nà láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́, tàbí láti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sí ilé, ó kàn ọ́. Kí ìwọ tàbí ẹbí rẹ sọ fún ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì wá rí akọ̀wé ẹ̀ka wa. Ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù ẹ̀tọ́ wọn nítorí pé wọn kò mọ̀.

Mo ti bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú dánfó mìíràn, ní ìlà kan náà. Kò dá mi mọ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ tó wà níwájú, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. A ní ọmọ nílé." Dẹ́rẹ́bà náà pòṣé, ṣùgbọ́n ó dẹ ẹsẹ̀. Mo pẹ́ dé gẹ́ètì ní ọjọ́ náà, wọ́n sì gé owó mi. Owó náà kò dùn mí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ire o.